Gíláàsì Tí Olè Fi Sílẹ̀

"Ohun tí olè fi sílẹ̀ fún wa nìyí," ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà wí. Ó gbé gíláàsì dúdú pẹlẹbẹ kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì rọra fi lé orí tábìlì bí ẹni tó gbé ẹyin kalẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ obìnrin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Aláwòfín kò fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo etí rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ka àwọn irin wẹ́wẹ́ tó yọ eyín nísàlẹ̀ rẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ alápá méjì ayé òde òní ni. Bí ó bá wà lójú kan, láàpútọ́ọ̀pù ni. Bí o bá fa gíláàsì rẹ̀ yọ kúrò lára pátákó ìtẹ̀wé, ó di tábúlẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́ bí síléètì kí ó sì máa fi kálàmù kọ nǹkan sójú rẹ̀. Yíyẹ ilé wò ni iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí, kí wọ́n lè sọ èyí tó lè dúró àti èyí tí kò lè dúró. Tọkọtaya ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní ó máa ń pínyà láìjà, ó sì máa ń padà láìbẹ̀bẹ̀.

Lówùúrọ̀ yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Aláwòfín kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó sin ọkọ rẹ̀. Ó wo ìdajì tó kù lórí tábìlì náà pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

"Pátákó ìtẹ̀wé nìkan ni wọ́n gbé?" ó béèrè.

"Ẹ má pè é ní pátákó nìkan o, Màdáàmù. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà ni wọ́n gbé." Ọ̀gá náà fara ti àga. Ó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti máa la ọ̀rọ̀ yé èèyàn. "Gbogbo èèyàn kọ́ ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n abẹ́ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ni ọpọlọ láàpútọ́ọ̀pù máa ń wà. Èyí tí ẹ̀ ń wò yìí, gíláàsì lásán ni. Olè ojú pópó ìbá gbé gbogbo rẹ̀ sálọ. Ẹni tó wá síbí mọ ohun tó ń wá. Ó yọ ọpọlọ, ó fi awọ sílẹ̀. Ara ilé ni. Bí ikú ilé ò bá pani..."

"Tòde ò lè pani," ni Sájẹ́ǹtì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bá a parí rẹ̀. Ó ń mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ létí.

"Ta ni ara ilé náà?"

"Obìnrin tó ń lò ó, Ìyá Sìmẹ́ńtì. Èmi àti òun nìkan la ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí. A ti ń bára wa fa ọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ló bá ẹ̀rọ yẹn lọ."

"Ẹ ti tan gíláàsì yìí wò?"

"Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Ó ti kú." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀wọ̀n. Mo ti fi ìwé kan ránṣẹ́ sí àgọ́ yín. Kí ó fọwọ́ sí i pé òun ló gbé e, kí ó fiṣẹ́ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀."

"Ẹ láàánú o, sà."

"Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn."

*

Ìyá Sìmẹ́ńtì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bàtà iṣẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, eruku funfun sì wà nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ìwé tí wọ́n fẹ́ kí ó fọwọ́ sí wà níwájú rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ti ti bírò lọ sí ìpẹ̀kun tábìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́," ó wí kí Aláwòfín tó lanu. "Bó bá jẹ́ nítorí bébà yìí lẹ ṣe wá, ẹ má wulẹ̀ jókòó."

"Ẹ jẹ́ n jókòó ná, mà. Ẹsẹ̀ ló ń ro mí."

Ẹnu obìnrin náà mì díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó tún rántí ibi tó wà.

"Màmá," Sájẹ́ǹtì dá sí i, "ẹ kúkú fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ lọ sinmi. Wọn ò ní tì yín mọ́lé."

"Ìwọ ọmọ yìí, bí wọ́n bá ní kí o fọwọ́ sí i pé ìwọ lo bí ìyá rẹ, ṣé wàá fọwọ́ sí i torí pé o fẹ́ lọ sinmi?"

Sájẹ́ǹtì fà sẹ́yìn.

"Kí ló wà nínú ẹ̀rọ náà?" Aláwòfín béèrè.

"Ilé alájà mẹ́rin kan. Ìdílé mẹ́rìndínlógún ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo gun àtẹ̀gùn ilé yẹn. Mo ya fọ́tò gbogbo òpó rẹ̀, mo sì fi kálàmù fa ìlà pupa síbi tí wọ́n ti ń sán. Mo fi òòlù kan òpó mẹ́ta nísàlẹ̀, wọ́n dún bí igbá òfìfo. Mo wá kọ ọ́ pé kí gbogbo wọn kó jáde." Ó gbé ojú sókè. "Ní aago mẹ́rin òní, àwọn ìjọba máa fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé ilé náà ṣeé gbé, àyàfi bí ìwé tèmi bá dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú. Ìwé ti sọnù. Bí n bá sì fi ẹnu sọ ọ́, ta ló máa gba ọ̀rọ̀ olè gbọ́?"

"Ẹ ò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn?"

"Ọ̀gá ló ṣòfin pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Mo pa òfin mọ́. Ẹ wo ohun tó fún mi jẹ."

"Ta ló nilé?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ọ̀gá mi."

Sájẹ́ǹtì súfèé. Aláwòfín kò wò ó.

"Wọ́n wá mú mi láàárọ̀ níwájú àwọn ọmọ-ọmọ mi," ni obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní mo jí Tọkọtaya. Èyí tó kéré jù fà mí láṣọ, ó ní, 'Ìyá àgbà, tọkọtaya ilé ibo lẹ jí gbé?' Ẹ wò ó, ẹ lè tì mí mọ́lé. Ẹ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò ní fọwọ́ sí i."

Àánú rẹ̀ ṣe Aláwòfín. "Ó dùn mí pé pátákó ni wọ́n gbé," ó wí. "Bó bá jẹ́ gíláàsì yẹn ni wọ́n gbé tí wọ́n fi pátákó sílẹ̀, ìwé yín ìbá ṣì wà."

Ìyá Sìmẹ́ńtì wò ó. "Kí lẹ sọ?"

"Mo ní pátákó ìtẹ̀wé lolè gbé. Gíláàsì wà níbẹ̀."

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Wọ́n ní wọ́n ti jí ẹ̀rọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Aláwòfín tún un sọ. Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu obìnrin náà. Ó kọ́kọ́ dún bí ikọ́, lẹ́yìn náà ó gba gbogbo ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi orí lé orí ìwé tí kò fẹ́ fọwọ́ sí.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Kò sí nǹkan kan nínú pátákó yẹn o! Lẹ́tà lásán ni wọ́n tò sójú rẹ̀. Gíláàsì yẹn gan-an ni ẹ̀rọ. Ọpọlọ rẹ̀, bátìrì rẹ̀, kámẹ́rà rẹ̀, ihò tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀, ẹ̀yìn gíláàsì ni gbogbo wọn wà! Báwo lẹ ṣe rò pé mo ń gbé e gun àtẹ̀gùn, tí mò ń fi í ya fọ́tò, tí mò ń kọ̀wé sójú rẹ̀, tí pátákó sì wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì? Olè yín jí bàtà, ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀!"

Aláwòfín dìde. Ojú ń tì í díẹ̀. Ó ti ka irin mẹ́fà, kò béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

*

"Nígbà náà, òun kọ́," Sájẹ́ǹtì wí nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Òun kọ́. Ẹni tó ń fi nǹkan ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò lè ṣi apá rẹ̀ gbé. Bó o bá fẹ́ jí ọbẹ̀, ṣé ọmọrí ìkòkò lo máa gbé?"

"Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà ni, nìyẹn."

"Rárá. Aláìmọ̀kan á gbé gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ṣe èyí mọ láàpútọ́ọ̀pù, ó mọ ibi tí ọpọlọ rẹ̀ máa ń wà, kò kàn mọ èyí ni. Ìmọ̀ àná ló fi jalè òní."

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ gbá itan. "Dókítà Kọ̀ǹpútà! Òun ló ń tún àwọn láàpútọ́ọ̀pù wọn ṣe. Bàbá aṣọ́nà sọ fún mi láàárọ̀ pé ó jáde níbẹ̀ lánàá tòun ti báàgì pẹlẹbẹ kan lábẹ́ apá."

Ṣọ́ọ̀bù Dókítà kò jìnnà. Bí ó ti rí aṣọ ọlọ́pàá lókèèrè báyìí, ṣe ló fò dìde, ó ń fa ilẹ̀kùn rẹ̀ wálẹ̀. Sájẹ́ǹtì sáré, ó fi ẹsẹ̀ dí i.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹ má bínú! Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín! Ọ̀la ni mo máa parí fóònù rẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Fóònù ọ̀gá wa ti wà lọ́dọ̀ rẹ látìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún," Dókítà dáhùn jẹ́jẹ́.

Aláwòfín wọlé, ó ti ilẹ̀kùn sókè padà. Ọkùnrin tínrín kan ni Dókítà, iná tọ́ọ̀ṣì kékeré wà níwájú orí rẹ̀, ìdérí ìgò tó kó skúrù sí sì kún orí tábìlì. Báàgì pẹlẹbẹ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Sájẹ́ǹtì tú u. Láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo bí bíríkì.

"Ti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Ìyá Sìmẹ́ńtì ni," Dókítà wí. "Ó ní kí n bá òun pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ẹ ò rí i bó ṣe ti darúgbó? Kò gbà kó lọ sinmi."

Sájẹ́ǹtì gbé e kalẹ̀, ìjákulẹ̀ hàn lójú rẹ̀.

"Dókítà," ni Aláwòfín wí, "ká ní mo fẹ́ jí ohun tó wà nínú Tọkọtaya, apá wo ni kí n gbé?"

"Ẹ fẹ́ máa jalè ni, mà?"

"Bí owó oṣù ò bá tètè dé."

"Gíláàsì rẹ̀. Èwo tún ni? Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mọ ìyẹn."

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀. Ọ̀nà yìí ti dí.

"Ta lo ṣàlàyé rẹ̀ fún lọ́jọ́ tí wọ́n rà á?"

"Ìyá Sìmẹ́ńtì. Àti bàbá aṣọ́nà, torí ó dúró síbẹ̀, ó ń yọjú. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ̀gá náà, kò jókòó. Ó ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, pé láàpútọ́ọ̀pù ni láàpútọ́ọ̀pù ń jẹ́, òun sì mọ inú rẹ̀." Dókítà fi ọwọ́ kan bíríkì àtijọ́ náà. "Èmi ni mo fà á. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tí èyí dákú, mo tú abẹ́ pátákó rẹ̀ níṣojú rẹ̀, mo yọ ọpọlọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Látìgbà náà, kò sí àwùjọ tó dé tí kì í sọ ọ́. Ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n."

Aláwòfín ti dìde. "Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó máa ń mọ ìgbà tí wọ́n yọ pátákó lára rẹ̀?"

"Á kọ ọ́ sílẹ̀, wákàtí àti ìṣẹ́jú. Kì í gbàgbé. Ó burú ju ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ dé lọ."

"Mú ṣájà, kó o máa bọ̀."

*

Bàbá aṣọ́nà ṣí ìwé ńlá rẹ̀ fún wọn lẹ́nu géètì. Ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka Bíbélì.

"Dókítà jáde ní aago mẹ́rin. Ìyá Sìmẹ́ńtì, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn tó kù, aago márùn-ún ààbọ̀. Ọ̀gá, aago méje."

"Láàárín aago márùn-ún ààbọ̀ sí méje, ta ló wà nínú ilé?"

"Ọ̀gá."

"Àti ta?"

Bàbá náà ronú dáadáa. "Aláǹgbá."

"Ṣé Ìyá Sìmẹ́ńtì padà wá?"

"Á jẹ́ pé orí mi ló gbà kọjá."

*

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n tún wọ yàrá ọ̀gá. Ìyá Sìmẹ́ńtì wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ọ̀gá rí i, ó gbé fóònù, ó sì kọ̀yìn sí wọn. Kò pẹ́, fóònù Aláwòfín dún. Ọ̀gá tirẹ̀ ni, láti àgọ́.

"Aláwòfín, mo ní kó o lọ sinmi lẹ́yìn ìsìnkú, o kọ̀. Ẹni ńlá ni ọkùnrin yẹn. Gba ìwé ìjẹ́wọ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn kó o máa bọ̀."

"Mi ò ní gbà á, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò ní gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa gbà á, ẹ rán ẹlòmíràn wá. Ó máa bá mi níbí." Ó dojú fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì, ó sì nawọ́ sí Dókítà. "Ki ṣájà bọ̀ ọ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi gíláàsì lásán ṣe?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mo ti sọ fún yín pé..."

Àwòrán bátìrì pupa kékeré kan yọ lójú gíláàsì náà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọ̀gá.

Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kí gíláàsì náà tó mọ́lẹ̀. Aláwòfín rí i tí ìmọ́lẹ̀ náà ń ràn sókè díẹ̀díẹ̀ láti inú ìdajì tí wọ́n ti pè ní òkú láti àárọ̀, nǹkan kan sì tú nínú àyà rẹ̀. Ìyá Sìmẹ́ńtì nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́. Òpó kan yọ, pẹ̀lú ìlà pupa tó gba àárín rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òpó mìíràn tẹ̀lé e. Ìwé náà sì wà lẹ́yìn wọn, lódindi.

"Bátìrì rẹ̀ ló tán," Dókítà wí. Ó ń fi ìka yí ojú ẹ̀rọ náà lọ sókè sódò. "Ó rèé. Wọ́n yọ pátákó lánàá, ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún ìrọ̀lẹ́. Wọn ò dá a padà mọ́."

"Ẹ̀rọ lè purọ́!" ni ọ̀gá wí.

"Ó ṣeé ṣe, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò purọ́ fún mi láàárọ̀," Aláwòfín dáhùn. "Ohun tí ẹ gbà gbọ́ lẹ sọ. Ẹ ní olè yìí mọ ibi tí ọpọlọ wà. Olè náà rò pé òun mọ̀ ọ́n ni. Mo ti bá obìnrin tó ń lò ó sọ̀rọ̀, mo bá ẹni tó ń tún un ṣe sọ̀rọ̀. Bàbá aṣọ́nà pàápàá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó lè wọ ilé yìí lánàá, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì gbà pé abẹ́ pátákó ni ọpọlọ wà. Òun náà ló wà níhìn-ín ní aago mẹ́fà kọjá. Sájẹ́ǹtì, gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀gá, kó o lọ yẹ inú rẹ̀ wò."

Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí Sájẹ́ǹtì fi padà. Ó bá pátákó náà lábẹ́ táyà àpamọ́, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì dì í. Wọ́n ti fi ìṣó dá a lu bí ajere, wọ́n sì ti rì í sómi.

"Ẹ fẹ́ rí i dájú pé ó kú," ni Dókítà sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kẹ́dùn.

Ìyá Sìmẹ́ńtì ni ọ̀gá kọjú sí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

"Ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ bí ọmọ ìyá. Ibi tẹ́ ẹ kọ 'kí wọ́n kó jáde' sí yẹn, ẹ yí i sí 'kí wọ́n tún òpó ṣe'. Ẹ ó di igbákejì mi lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èyí ránṣẹ́, kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó tún máa gbà yín. Ta ló máa gba ẹni tó já ọ̀gá rẹ̀ sí ìhòòhò?"

Obìnrin náà gbé gíláàsì náà lé apá òsì rẹ̀, bí ó ti máa ń gbé e lórí àtẹ̀gùn.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kejì," ó wí. "Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹja sára rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ẹja náà wà lódindi. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ó ti là sí méjì. Ó bi mí pé ta ló gé ẹja òun. Ṣé kí n lọ sọ fún un pé mo ti di igbákejì?"

Ó tẹ ojú gíláàsì náà lẹ́ẹ̀kan. Ìwé náà lọ. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún.

Wọ́n dúró. Wọ́n ń gbọ́ ìró fáànù. Lẹ́yìn náà, fóònù orí tábìlì dún. Ọ̀gá nawọ́ sí i. Ìyá Sìmẹ́ńtì yára jù ú lọ.

Ohùn ọkùnrin kan ń ké nínú fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo yàrá fi gbọ́ ọ. "Láti ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ni o! Ìwé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa lórí ilé alájà mẹ́rin. Ọ̀gá yín sọ láàárọ̀ pé ìwé náà ti sọnù, pé olè lẹni tó kọ ọ́. Ta ló wá fi èyí ránṣẹ́?"

Ọ̀gá ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́. Ó ń mi orí, ó ń mi orí.

"Èmi ni," Ìyá Sìmẹ́ńtì wí. "Èmi tí wọ́n pè lólè yẹn ni mo kọ ọ́. Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ rán èèyàn lọ síbẹ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Mo ń bọ̀ wá bá wọn níbẹ̀."

Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó fi gíláàsì há abíyá, ó sì dorí kọ ẹnu ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì na apá dí i.

"Màmá, ẹ ò lè gbé ìyẹn lọ. Ẹ̀rí ni."

"Tẹ̀lé ẹ̀rí rẹ, nígbà náà," ó dáhùn, ó sì gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá.

Sájẹ́ǹtì wo Aláwòfín. Aláwòfín ti mú báàgì rẹ̀. Fóònù rẹ̀ tún ń dún lórí tábìlì níbi tó dojú bolẹ̀ sí. Kò gbé e.

"Ìwọ dúró ti ọ̀gá yìí," ó wí. "Èmi ń bá ẹ̀rí lọ."